Kí Òòlù Tó Kan Ògiri: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Àtúnṣe Ilé Àtijọ́

Ọjọ́ tí onítáìsì parí ilé ìdáná ìyá mi ni pílọ́ḿbà yọjú. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀ tó ń dán gbinrin, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ibo lẹ fẹ́ kí omi àwo gbà jáde?" Mi ò ní ìdáhùn. Ẹnikẹ́ni ò bi mí tẹ́lẹ̀, èmi náà ò sì bi ara mi. Táìsì mọ́kànlá la hú lọ́jọ́ kejì kí páìpù tó ríbi gbà. Nígbà tá a máa padà dé ọjà, irú rẹ̀ ti tán, la bá fi èyí tó jọ ọ́ dí i. Ó wà níbẹ̀ títí dòní: ìlà kan tó pọ́n díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, láti ìdí síǹkì dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.

Ohun tó fà á ò ju pé owó àjọ bọ́ sí mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tó fi di Mọ́ńdè, bíríkìlà ti ń po sìmẹ́ńtì. Odindi ilé, yàrá mẹ́rin àti pálọ̀ ní Mòlété n'Ìbàdàn, a ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn mo ti dá sí àtúnṣe ilé mẹ́ta mìíràn nínú ẹbí, bí mo ṣe ń ṣètò rẹ̀ báyìí ni mo kọ síbí. Ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni mò ń sọ o. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé tuntun ló ń pinnu ohun gbogbo fúnra rẹ̀. Ilé àtijọ́ ti ní àṣírí nínú kí ẹ tó débẹ̀.

Ta ló nilé?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ra ilẹ̀, tí orúkọ yín wà nínú ìwé, ẹ fo ibí yìí. Àmọ́ bó bá jẹ́ ilé bàbá tàbí ilé bàbá àgbà, àwọn tó ni ín pọ̀ ju ẹni tó ń sùn síbẹ̀ lọ. Nínú òfin ìbílẹ̀ Yorùbá, ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìkọ ìwé ogún jẹ́ ti gbogbo ọmọ, àwọn ilé ẹjọ́ wa sì gbà bẹ́ẹ̀: owó tí ọmọ kan ná sára ilé ẹbí kì í sọ ilé náà di tiẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá fi gbogbo owó ìfẹ̀yìntì yín ṣe òrùlé rẹ̀, òrùlé ẹbí lẹ ṣe. Kò burú, tí ẹ bá ti mọ̀ kí ẹ tó ná an.

Nítorí náà, ẹ pe olórí ẹbí, ẹ pe ẹ̀gbọ́n, ẹ pe àbúrò, kódà àwọn tó wà lókè òkun. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, iye tí ẹ rò pé yóò ná yín, àti ẹni tí yóò dá sí i. Ẹ kọ ọ́ sínú tákàdá kan, kí gbogbo wọn bu ọwọ́ lù ú. Mo mọ ẹbí kan tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ti ṣí páànù tán, tí ojú ọ̀run ti ń wo inú pálọ̀, ni ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní Èkó tó gbọ́. Ó wọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó lé káfíńtà, ilé sì wà láìlórùlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nǹkan mìíràn wà tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè níbi ìpàdé yẹn: ta ni wọ́n sin sínú ilé, ibo sì ni? Ní ilé bàbá àgbà wa n'Ísẹ́yìn, a ti fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ yàrá kejì fún páìpù balùwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi na ọ̀pá rẹ̀ sí ibẹ̀ gan-an. "Ìyá àgbà yín ń bẹ níbẹ̀ o." Kò sí àmì kankan lójú ilẹ̀, sìmẹ́ńtì ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tó mọ̀ nínú àwa ọmọ tó ń sáré káàkiri lórí ẹ̀ láti kékeré. A gbé balùwẹ̀ lọ sí ìhà kejì. Gbólóhùn kan láti ẹnu àgbà ló gbà wá lọ́wọ́ ọ̀ràn ńlá.

Ẹ wo ilé bí ẹni tó fẹ́ rà á

Ẹ mú ìwé kan, bírò, tọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀kì àti súkúdíráfà. Ẹ má tíì pe oníṣẹ́ kankan. Oníṣẹ́ tó bá bá yín débẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ni yóò rí: apẹ́ńtì á rí ọ̀dà tó ń ṣí, káfíńtà á rí àjà tó ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ àìsàn ilé.

Òrùlé ló ṣáájú, ìgbà tó sì dáa jù láti wò ó ni ìgbà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ gba ojú àjà wọ inú òrùlé nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí omi ti ń kán sílẹ̀ nínú yàrá kọ́ ni ibi tí páànù ti lu. Omi á wọlé láti òkè, á gba ara igi rìn, á wá já sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí ibẹ̀. Ẹ tọpa rẹ̀ padà, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára igi. Bó bá jẹ́ ojú ìṣó mẹ́rin márùn-ún ló ń jò, ẹ kò nílò òrùlé tuntun; ìṣó àti rọ́bà rẹ̀ lẹ máa pààrọ̀. Bí páànù bá ti di ajere, ẹ máa ṣí gbogbo rẹ̀ ni.

Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi súkúdíráfà gún igi òrùlé, pàápàá níbi tó ti fara kan ògiri. Igi tó dáa á ta á padà. Èyí tí ikán tàbí omi ti jẹ, súkúdíráfà á wọ inú rẹ̀ bí ẹni fi ọwọ́ gún ẹ̀kọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń náwó lé aláyúmíníọ́ọ̀mù tuntun tí wọ́n á sì kàn án mọ́ igi tó ti kú. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò ní oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ló ń bá wọn ká àti páànù àti igi lọ sí ilé aládùúgbò.

Lẹ́yìn òrùlé, ògiri. Gbogbo ilé àtijọ́ ló ní ibi tó ti sán, ṣùgbọ́n wọn ò rí bákan náà. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tó kàn rìn káàkiri ojú ògiri, ara ibi tí wọ́n rẹ́ ló sábà máa ń mọ. Èyí tó dá gbọ̀ọ̀rọ̀ láti igun fèrèsé lọ sílẹ̀, tí ìka ń wọ̀, tí aláǹgbá ti sọ di ilé, ìyẹn lè jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ń rì. Ẹ mú pẹ́ńsùlù, ẹ fa ìlà kékeré sí ibi tí ó parí sí, ẹ kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ padà wò ó lẹ́yìn oṣù méjì. Bó bá ti kọjá ìlà yín, ilé ṣì ń rìn nìyẹn. Ẹ má lẹ táìsì, ẹ má kun ọ̀dà, ẹ pe ẹnjiníà. Bó bá dúró síbi tí ẹ bá a, ẹ lè dí i.

Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú pọ̀ n'Ìbàdàn, n'Ísẹ́yìn, ní Ọ̀yọ́, èèyàn sì lè gbé inú rẹ̀ fún ogún ọdún kó máa pè é ní ilé bulọ́ọ̀kù. Ẹ lu ihò kékeré kan níbi tó fara sin. Bí eruku pupa bá jáde, amọ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà, nítorí ògiri amọ̀ ò ṣe é gbẹ́ bó ṣe wuni fún páìpù, kò sì fẹ́ omi balùwẹ̀ lára rárá.

Ibi tí ọ̀dà ti ń ṣí láti ìsàlẹ̀, tó ń wú tó sì ń yọ nǹkan funfun bí iyọ̀, omi ló ń gun ògiri láti inú ilẹ̀. Ọ̀dà tuntun ò ní wò ó sàn. Ẹ jáde síta, ẹ wo ibi tí omi òrùlé ń dà sí. Nílé wa, nǹkan tó ń fà á ni pé ilẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ pálọ̀ lọ, nítorí yanrìn tí àgbàrá ti ń kó wá láti ọdún gbọ́n-ún. Ṣọ́bìrì àti gọ́tà kékeré ló yanjú rẹ̀, kì í ṣe gálọ́ọ̀nù ọ̀dà.

Ẹ ṣí ideri sọ́kàwéè, kòtò tí omi ìgbọ̀nsẹ̀ ń dà sí, nígbà òjò kí ẹ wo bó ṣe kún tó, kí ẹ sì mọ bó ṣe jìnnà sí kànga tó. Ní ti iná, ẹ ka gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé, àti èyí tí ẹ fẹ́ rà lọ́dún méjì tó ń bọ̀: fíríìsà, ẹ̀rọ amúlétutù, íńfátà. Wáyà 1.5 mm ni ti gílóòbù, 2.5 mm ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 mm ni wọ́n sábà máa ń fà fún ẹ̀rọ amúlétutù. Bí rewáyà bá sọ fún yín pé irú wáyà kan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ pe ẹlòmíràn.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú di: àjà asbestos, àwọn pátákó líle aláwọ̀ eérú tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Bó bá wà lókè tí kò fọ́, kò ṣe nǹkan kan fún yín. Bí wọ́n bá fi ayùn gé e tàbí fi òòlù fọ́ ọ, eruku rẹ̀ á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣọ tí lébírà máa ń so mọ́ imú ò dá a dúró. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ yọ ọ́, kí wọ́n fi omi rin ín dáadáa, kí wọ́n yọ ìṣó kí odindi pátákó sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n wé e sínú ọ̀rá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí.

Ẹ ya á sórí ilẹ̀

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ẹwà. Ẹ ra ìwé ìṣirò ọmọdé, èyí tó ní ojú kéékèèké, kí ẹ sọ ojú kọ̀ọ̀kan di ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ ya ilé bó ṣe wà. Ilẹ̀kùn, àti ìhà tí ó ń ṣí sí. Fèrèsé. Ibi tí omi ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde (ẹ jọ̀ọ́). Ẹ ya èyí tí ẹ fẹ́ sí ojú ewé kejì.

Àwòrán nìkan ò tó, pàápàá fún ilé ìdáná. Nígbà tá a fẹ́ ṣe ti ilé àbúrò mi, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo rẹ̀ sórí ilẹ̀ bó ṣe máa tóbi tó gan-an: ibi síǹkì, ibi gáàsì, ibi fíríìsà. Mo ní kí àwọn obìnrin ilé wá rìn nínú rẹ̀. Ìyá mi dé, ó dúró láàárín ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó wò yíká, ó ní, "Odó ńkọ́?"

Gbogbo wa dákẹ́. Àwòrán tí àbúrò mi rí lórí fóònù, tó ti fẹ́ràn, kò ní odó. Odó ń fẹ́ àyè tí apá méjì lè gbé ọmọ odó sókè láìkan kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ń fẹ́ ilẹ̀ tó le. Ẹni tó bá gún iyán lórí táìsì, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé ó ti sán. Ibi tá a parí sí ni pé a fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kọnkéré gidi, láìlẹ táìsì, tí òrùlé sì bò. Ibẹ̀ ni odó, ọlọ àti ààrò èédú wà. Bí a bá ti parí iṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ odó tó jáde, wọn ì bá máa gún iyán nínú òjò.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún balùwẹ̀ náà. Ẹ jókòó lórí àpótí níbi tí ẹ fẹ́ kí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ wà, kí ẹ mọ̀ bóyá orúnkún yín máa kan ilẹ̀kùn.

Ẹ wọn ọ́n fúnra yín

Ẹni tí kò bá mọ iye tí yóò rà, iye tí wọ́n bá pè fún un ni yóò rà. Mo mú yàrá kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 12, ìyẹn mítà 3.66 ní 3.66. Fífẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 13.4. Páálí táìsì 60 sẹ̀ǹtímítà ní 60 tó ní ẹyọ mẹ́rin nínú ń bo 1.44. Ẹ pín 13.4 sí 1.44, páálí 9.3 nìyẹn. Ẹlòmíràn á ra mẹ́wàá, á rò pé òun ti gbọ́n.

Táìsì ẹsẹ̀ ògiri, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìdí ògiri yíká, ńkọ́? Yíyípo yàrá náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 48. Ẹ yọ ẹnu ọ̀nà tó jẹ́ 3 kúrò, ó ku 45, ìyẹn mítà 13.7. Bí ẹ bá gé táìsì kan sí ọ̀nà márùn-ún, á fún yín ní mítà 3. Ẹyọ márùn-ún lẹ nílò, páálí kan lé ẹyọ kan. Àpapọ̀ ti di 10.6. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e fún èyí tí yóò fọ́ àti èyí tí wọ́n á gé dànù, ó di 11.6. Páálí 12 lẹ máa rà. Bí ẹ bá lágbára, ẹ fi ọ̀kan lé e kí ẹ gbé e pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, ẹ bi èmi léèrè ìdí ẹ̀. Ẹ sì wo nọ́ńbà àwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ páálí kí gbogbo rẹ̀ bára mu, torí orúkọ kan náà lè ní àwọ̀ méjì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ògiri tuntun, bulọ́ọ̀kù 450 mm ní 225 mm mẹ́wàá ló ń wọ mítà onígun mẹ́rin kan. Ní ti aláyúmíníọ́ọ̀mù òrùlé, ẹ má dá a wọ̀n: àwọn tó ń tà á máa ń wá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí káfíńtà bá to igi tán. Ohun tí ẹ máa pinnu ṣáájú ni bó ṣe nípọn tó, 0.45 mm tàbí 0.55 mm, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi tẹ́ẹ́rẹ́ pe nínípọn fún ẹni tí kò bá béèrè.

Owó

Ẹ pín iṣẹ́ sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí yóò ba ilé jẹ́ bí ẹ ò bá ṣe é: òrùlé tó ń jò, wáyà tó ti yọ́, ògiri tó ń rìn, sọ́kàwéè tó kún. Èkejì ni èyí tí yóò mú ìgbésí ayé rọrùn: omi inú ilé, balùwẹ̀ kejì. Ìkẹta ni ti ojú: àjà POP, ọ̀dà, géètì. Bí owó ò bá tó, ìkẹta ló ń dúró. Mo mọ̀ pé ìkẹta ni àlejò ń rí, òun ló sì ń dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n POP tó wà lábẹ́ òrùlé tó ń jò, oṣù Keje lòpin ẹ̀.

Ẹ béèrè iye owó ọjà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà. N'Ìbàdàn, Bódìjà ni mo ti ń béèrè pákó. Ẹni tó wà l'Ékòó lè gba Orílé Kóókà fún táìsì àti ohun èlò balùwẹ̀. Ẹ kọ déètì sí i, nítorí iye owó ọjà tòní kì í ṣe tọ̀la mọ́. A kò tíì gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2024, tí sìmẹ́ńtì tí à ń rà ní nǹkan bí ₦5,500 lóṣù díẹ̀ ṣáájú gun ₦10,000 kọjá láwọn ibì kan. Ẹni tó bá ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ lè máa ra ọjà pamọ́ dípò rẹ̀: táìsì, wáyà, páìpù, àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Sìmẹ́ńtì nìkan ni kí ẹ má ra pamọ́. Bó bá ti tó oṣù mẹ́ta nínú àpò, agbára rẹ̀ ti ń lọ, bó bá sì gba ọ̀rinrin lórí ilẹ̀, á di òkúta.

Àwọn owó tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sílẹ̀ ló ń pọ̀ jù. Owó ọkọ̀. Owó àwọn tó ń rù ú sọ̀ kalẹ̀. Owó omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì bí kànga bá gbẹ. Owó kíkó àlàpà àti ìdọ̀tí dànù, tí mo gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má sọ fún oníṣẹ́ pé ó wà. Fún ilé àtijọ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá tí àwọn kan ń sọ ò tó, nítorí ẹ ò tíì mọ ohun tó wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì.

Ìwé ìjọba, àti ògiri tó ru ilé

Kíkun ọ̀dà kì í ṣe yíyọ ògiri. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ògiri, fẹ yàrá, tàbí gbé òkè lé ilé, ẹ lọ gba ìwé àṣẹ kí òòlù tó bẹ̀rẹ̀. L'Ékòó, òfin ètò ìlú ti ọdún 2010 ló wà nídìí rẹ̀: àjọ ìjọba tó ń jẹ́ LASPPPA ló ń fún ni ní ìwé àṣẹ, èyí tó ń jẹ́ LASBCA ló ń wá wo iṣẹ́. Ní ìpínlẹ̀ yòókù, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ètò ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Bí wọ́n bá wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri yín láàárín iṣẹ́, owó àwọn lébírà tó jókòó ń ka ara rẹ̀ nìyẹn.

Bíríkìlà á sọ fún yín pé ògiri àárín yẹn "kò ru nǹkan kan." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé gbogbo igi òrùlé sinmi lé e. Ní ilé alámọ̀ pàápàá, kò sí òpó kankan. Ògiri gan-an ni òpó. Owó tí ẹ máa san fún ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, láti wá wò ó lẹ́ẹ̀kan kò tó iye géètì kan. Ní ti gbígbé òkè lé ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà, mi ò ní nǹkan méjì láti sọ: ẹ má ṣe é.

Oníṣẹ́ àti àdéhùn

Nígbà tí oníṣẹ́ bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín, ẹ má jẹ́ kó mú yín lọ síbi tó parí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo iṣẹ́ tuntun ló ń dán. Ẹ ní kó mú yín lọ síbi tí òjò méjì ti rọ̀ lé. Ẹ bá ìyá onílé sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ béèrè ohun kan: ṣé ó gbé fóònù lẹ́yìn tó gba owó tán?

Ẹ kọ àdéhùn ní èdè tí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́. Ti káfíńtà wa kẹ́yìn ò ju ojú ewé kan lọ: ohun tó máa ṣe, igi tó máa lò àti bó ṣe nípọn tó, pé èmi ni mo máa ra ọjà, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí, ẹni tó máa san án bí òun bá gé páànù bàjẹ́. Owó iṣẹ́ rẹ̀ la pín sí mẹ́rin: ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀, 30 nígbà tí igi bá dúró tán, 30 nígbà tí páànù bá bò ó tán, 10 tó kù lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́. Ó kọ́kọ́ bínú. "Màmá, ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí, ìgbà wo lòjò fẹ́ rọ̀?" Mo ní, "Ọ̀gá káfíńtà, ẹ jẹ́ ká jọ máa gbàdúrà fún un." Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí òjò rọ̀, òun ló kọ́kọ́ pè mí.

Ẹ̀yin tó ń ṣe é láti London tàbí Houston, ẹ san owó ọjà tààrà fún ẹni tó ń tà á, kí owó iṣẹ́ gba ọ̀nà ọ̀tọ̀. Kí ẹni tó ń bá yín bójú tó o má jẹ́ ẹni kan náà tó ń ṣe iṣẹ́. Ẹ sì ya owó sọ́tọ̀ fún un ní gbangba. Àbúrò tí ẹ fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ sí lọ́rùn fún oṣù mẹ́rin á wá ọ̀nà san án fún ara rẹ̀.

Èwo ló ṣáájú?

Òrùlé ni, láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, kí ìjì tó dé. Lẹ́yìn ẹ̀ ni gbogbo ohun tó fẹ́ gbẹ́ ògiri àti ilẹ̀: páìpù omi, páìpù ìdọ̀tí, páìpù wáyà. Ẹ pe pílọ́ḿbà, rewáyà àti onítáìsì jọ lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ gbé àwòrán yín síwájú wọn, kí wọ́n jà á tán níbẹ̀. Ìpàdé wákàtí kan yẹn ì bá ti gba táìsì mọ́kànlá mi là. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ́ ògiri. Kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ògiri tí páìpù wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú tépù ìwọ̀n tí ẹ nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ kan ìṣó àwòrán lọ́dún márùn-ún sí i mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ kàn. Àjà ló kàn, lẹ́yìn ẹ̀ táìsì, lẹ́yìn ẹ̀ ilẹ̀kùn, ọ̀dà ló ń kẹ́yìn.

Ibi tí ẹ máa sùn

Bí ẹ bá ń gbé inú ilé náà, ẹ pín iṣẹ́ sí apá méjì kí yàrá méjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n hú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ní kí òmíràn tó dé inú ilé, kì í ṣe kó wà lọ́jà. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò ọjọ́ tí típà yanrìn ń bọ̀, kí wọ́n lè gbé mọ́tò wọn jáde. Ẹ gbé àwọn fọ́tò àtijọ́ àti ìwé ilẹ̀ kúrò nínú ilé pátápátá. Eruku sìmẹ́ńtì máa ń wọ inú àpótí tó tì.

Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀, kò lọ sílé ẹnikẹ́ni. A gbé ibùsùn rẹ̀ sí pálọ̀, a ta tapólì yí i ká, a gbé rédíò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń ka iye àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń gbé wọlé láràárọ̀. Ọjọ́ tí iye náà ò pé, òun ló mọ̀ ṣáájú fóòmáànù.